Ẹran Tí Kò Ní Eyín, Tí Kò Sì Ní Ìfun: Bí Àwọn Onírun Wẹ́wẹ́ Inú Omi Ti Ń Jẹun

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni, nítorí kò sí ẹni tí ó lè wà láàyè láìmu omi. Ṣùgbọ́n bí omi kò tilẹ̀ ní ọ̀tá, ó ní àlejò, ó sì ní onílé pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fa omi nínú kànga ní àdúgbò Yaba, tí ó bù ú sínú ife gíláàsì, tí ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, lè wí pé, "Omi yìí mọ́ gaara." Ojú rẹ̀ kò purọ́ fún un, agbára ojú náà ni kò tó. Nínú ife kan náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹran kéékèèké lè máa lọ, kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n máa dọdẹ, kí wọ́n máa jẹun, kí wọ́n sì máa pín ara wọn sí méjì láti pọ̀ sí i.

Nípa ọ̀wọ́ kan nínú irú àwọn ẹran bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Àwọn ni a ó máa pè ní onírun wẹ́wẹ́, nítorí irun tí ó bo ara wọn. Wọn kò ní eyín, wọn kò ní ahọ́n, wọn kò sì ní ìfun. Síbẹ̀ wọ́n ń gbé oúnjẹ mì, wọ́n ń dà á, wọ́n sì ń yọ pàǹtí rẹ̀ dànù ní ọ̀nà tí ó létò. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí wọ́n ń jẹ àti bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ yóò mọ ohun kan tí ó ṣe pàtàkì nípa omi tí òun fúnra rẹ̀ ń mu. Ìmọ̀ náà yóò ṣe é ní àǹfààní ní ilé àti ní oko.

ÀWỌN TÍ Ó KỌ́KỌ́ RÍ WỌN

Oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft ní ilẹ̀ Hóláǹdì, Antoni van Leeuwenhoek, ni ó kọ́kọ́ ríran rí àwọn ẹran kéékèèké inú omi adágún ní ọdún 1674. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dán gíláàsì róbótó tí ó fi ń wo nǹkan, ó sì ń kọ ìwé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù láti ròyìn ohun tí ó rí. Láti ọjọ́ náà ni awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ti ń dára sí i, títí ó fi di pé ohun tí ó wà nínú ikùn ẹran tí ojú kò rí pàápàá kò fara pamọ́ mọ́.

Yaba kì í ṣe àlejò sí iṣẹ́ awò yìí. Ní ọdún 1925 ni àwọn oníṣègùn tí ilé-iṣẹ́ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán wá fi Yaba ṣe ibùdó láti ṣe ìwádìí ibà pọ́njú. Ọ̀kan nínú wọn, Adrian Stokes, ti ipa ibà náà kú ní Èkó ní ọdún 1927. Ní ọdún 1934 ni a ṣí Yaba Higher College, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá kí a tó kó wọn lọ sí Ìbàdàn ní ọdún 1948. Ní ọdún 1962 sì ni a dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀, èyí tí ó wà ní Akọka, tí ó kọjú sí ọ̀sà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìkán omi ọ̀sà náà kan sábẹ́ awò, kò ní pẹ́ kí ó tó pàdé àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn.

BÍ ARA WỌN TI RÍ

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ni ó wà nínú àwọn onírun wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan tí ó wọ́pọ̀ nínú omi adágún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀ dáadáa. Orúkọ rẹ̀ ni Paramecium. Ara ènìyàn jẹ́ àkójọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣe é kà, gẹ́gẹ́ bí ilé ńlá ti jẹ́ àkójọpọ̀ bíríkì. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara Paramecium. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mẹ́rin, ìdá kan nínú rẹ̀ ni gígùn èyí tí ó tóbi nínú wọn. Ó rí bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú, ó sì fẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn.

Irun wẹ́wẹ́ bo ara rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún níye. Irun wọ̀nyí kì í ṣe fún ẹwà. Àjẹ̀ ni wọ́n jẹ́, gẹ́gẹ́ bí àjẹ̀ tí àwọn ará Makoko fi ń tu ọkọ̀ wọn lórí ọ̀sà. Wọn kì í lu omi lẹ́ẹ̀kan náà; ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ kọjá lórí oko ìrẹsì tí ewé ń tẹ̀ tí ó sì ń dìde. Bí wọ́n ti ń lu omi báyìí ni ẹran náà ń yí bìrí-bìrí lọ síwájú. Bí ó bá sì kọ lu nǹkan, yóò fà sẹ́yìn, yóò yà díẹ̀, yóò sì tún bá ọ̀nà mìíràn lọ.

BÍ Ó TI Ń KÓ OÚNJẸ JỌ

Oúnjẹ rẹ̀ ni bakitéríà, àwọn ẹ̀dá tí ó kéré ju òun lọ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè to ọgọ́rùn-ún wọn tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n tó gùn tó o. Ó tún ń jẹ ìwúkàrà àti àwọn ẹ̀dá tútù wẹ́wẹ́ tí ń sọ omi di aláwọ̀ ewé. Kì í sáré lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ ni kòtò gígùn kan wà tí ó dà bí ìṣàn omi. Irun tí ó wà níbẹ̀ ń fẹ́ omi wọlé láìdúró, omi náà sì ń gbé bakitéríà wá. Ní ìsàlẹ̀ kòtò náà ni ẹnu wà. Ẹnu yìí kò ní ètè tí ó lè pa dé, kò sì ní eyín. Àwọn irun àkànṣe kan, tí wọ́n dì pọ̀ bí asẹ́, ń gbá oúnjẹ sọ̀kalẹ̀ sí i, omi sì ń ṣàn jáde padà.

Níbi tí ẹnu pin sí, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó ń wú sínú ara bí ìfófó ọṣẹ tí ọmọdé ń fẹ́. Bakitéríà ń kún inú rẹ̀ títí yóò fi tóbi tó. Nígbà náà ni ọrùn rẹ̀ yóò pa dé, yóò já kúrò lẹ́nu, yóò sì di àpò oúnjẹ tí ó ń léfòó nínú ara. Kò tíì jìnnà tí òmíràn ti ń wú ní ipò rẹ̀. Bí oúnjẹ bá pọ̀ lágbègbè, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àpò tuntun fi ń tẹ̀lé ti ìṣáájú, àpò púpọ̀ sì lè wà nínú ara kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, olúkúlùkù pẹ̀lú ọjọ́ orí tirẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Ìwọ̀n ohun tí ó dé ẹnu ni Paramecium ń wò jù, kì í ṣe àǹfààní rẹ̀. Bí a bá da èérún aró tí kò ní oúnjẹ kankan nínú sí omi rẹ̀, yóò gbé e mì pẹ̀lú. Inú àpò ni ìyàtọ̀ yóò ti hàn, nítorí ohun tí kò ṣe é dà yóò jáde bí ó ti wọlé.

BÍ OÚNJẸ TI Ń DÀ

Bakitéríà tí a gbé mì kò tíì kú. Ó wà láàyè nínú àpò bí ẹja tí a kó sínú agbọ̀n. Nítorí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pípa, lẹ́yìn náà ni dídà. Bí àpò náà ti kúrò lẹ́nu ni àwọn àpò tí ó kéré sí i, tí wọ́n ru omi kíkan, ń wá lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń da ohun tí wọ́n rù sínú rẹ̀. Àpò oúnjẹ náà ń sún kì, omi àkọ́kọ́ ń jáde kúrò nínú rẹ̀, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì ń kan sí i. Láàárín bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó lè kan tó ọtí kíkan. Nínú ìkan yìí ni ọ̀pọ̀ bakitéríà ti ń kú.

Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ kejì ń dé. Àwọn wọ̀nyí ru ẹ́ńsáìmù, èyí tíí ṣe ohun èlò tí ẹ̀dá alààyè fi ń tú oúnjẹ palẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú itọ́ àti nínú ìfun àwa náà. Bí wọ́n ti ń dà á sínú àpò ni ìkan náà ń rọ̀, tí ara bakitéríà sì ń tú sí wẹ́wẹ́. Ohun tí ó ṣara lóore ń gba ara awọ àpò kọjá sínú sẹ́ẹ̀lì. Ní gbogbo àkókò yìí àpò kò dúró sójú kan. Omi inú ara ń gbé e yí ká, bí ọlọ́jà tí ń kiri ọjà láti ojúlé dé ojúlé, tó bẹ́ẹ̀ tí igun gbogbo ń rí oúnjẹ gbà bí kò tilẹ̀ sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan.

Nígbà tí ó bá ku pàǹtí nìkan, àpò náà ń lọ sí ibi kan pàtó ní ẹ̀yìn ara, ibẹ̀ ń là, pàǹtí ń jáde, ibẹ̀ sì ń pa dé. Richard Allen àti Agnes Fok, àwọn olùwádìí ní Hawaii, ṣe àlàyé àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ní fínnífínní ní àwọn ọdún 1980. Wọ́n rí i pé àpò kan lè parí ìrìn-àjò rẹ̀ ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú sí i. Wọ́n sì tún rí i pé ara náà kì í fi awọ àpò ṣòfò. Gẹ́gẹ́ bí ìyá oníṣòwò ti í gbọn àpò ìrẹsì tí ó ti ṣófo, tí ó ká a, tí ó sì tún mú un lọ sí ọjà, bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé awọ náà padà sí ìdí ẹnu láti fi ṣe àpò tuntun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ara ènìyàn. Élie Metchnikoff, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa a máa gbé kòkòrò àrùn mì ní ọ̀nà kan náà, wọn a sì máa dà á nínú àpò. Nítorí iṣẹ́ yìí ni a ṣe fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1908. Christian de Duve, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó sì ṣe àwárí àwọn àpò tí ń ru ẹ́ńsáìmù nínú sẹ́ẹ̀lì, ó fún wọn ní orúkọ ní ọdún 1955, a sì fún un ní ẹ̀bùn kan náà ní ọdún 1974.

ÀRÍYÀNJIYÀN LÓRÍ Ọ̀RỌ̀ IKÙN

Kò rọrùn fún àwọn ọ̀mọ̀wé láti mọ nǹkan wọ̀nyí. Christian Gottfried Ehrenberg ti ilẹ̀ Jámánì fi aró bọ́ àwọn ẹran náà, ó sì rí àwọn àpò tí ó pọ́n nínú wọn. Ó rò pé ikùn ni wọ́n, pé ẹran kọ̀ọ̀kan ní ikùn púpọ̀, àti pé ìfun so wọ́n pọ̀. Ó tẹ ìwé ńlá jáde lórí èyí ní ọdún 1838. Ṣùgbọ́n Félix Dujardin ti ilẹ̀ Faransé ti takò ó ní ọdún 1835. Ó ní àwọn àpò náà ń rìn káàkiri nínú ara. Báwo ni ikùn tí ìfun so mọ́lẹ̀ yóò ṣe máa rìn? Ìbéèrè kékeré yìí ni ó borí ìwé ńlá náà.

Títí di òní, a lè fi ojú rí ìyípadà inú àpò náà. A ń sè ìwúkàrà pẹ̀lú aró kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Congo red, a sì ń fi bọ́ Paramecium. Pupa ni aró náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sínú ohun tí ó kan gan-an, yóò di búlúù, bí ìkan náà bá sì rọ̀, yóò tún pọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wo inú awò yóò rí àpò pupa tí ó ń di búlúù, tí ó sì ń padà pọ́n: ẹ̀rí pé ìkan dé, àti pé ó kọjá lọ.

ONÍRÚURÚ ỌDẸ

Kì í ṣe gbogbo onírun wẹ́wẹ́ ni ó ń jẹun bí Paramecium. Vorticella dà bí agogo tí a gbé ka orí igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ó lẹ̀ mọ́ ewé tàbí òkúta, ó ń fi irun ẹnu rẹ̀ fa omi wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bí ohunkóhun bá sì dẹ́rù bà á, igi rẹ̀ yóò ká jọ. Stentor dà bí fèrè, ó sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi lè rí i bí ìkán eruku. Didinium kò kó bakitéríà jọ rárá. Paramecium fúnra rẹ̀ ni ó ń pa jẹ. Yóò fi imú rẹ̀ gún un, yóò sì gbé e mì lódindi, bí òjòlá ti í gbé ẹran mì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń jẹ bakitéríà ṣe di oúnjẹ fún ẹlòmíràn, ìyẹn náà yóò sì di oúnjẹ fún ẹran omi tí ó tóbi jù ú lọ, títí a ó fi dé orí ẹja inú ìkòkò ọbẹ̀ wa.

ÌDÁNWÒ INÚ ÌGÒ

Ẹ lè rí iṣẹ́ wọn láìní awò. Ẹ mú koríko gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fi sínú ìgò omi adágún, ẹ má ṣe dé e pinpin, ẹ sì gbé e sí ibi tí oòrùn kò ti pa á. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ omi náà yóò dúdú, yóò sì rí bí omi ògì, nítorí bakitéríà ti rí oúnjẹ nínú koríko, wọ́n sì ti di púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn onírun wẹ́wẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, nítorí tiwọn náà ti dé. Bí wọ́n ti ń jẹ bakitéríà ni omi náà yóò máa mọ́ padà díẹ̀díẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹni tí ó bá kọjá lọ́jọ́ náà, tí kò sì mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀, yóò ha mọ̀ pé omi yìí ti bàjẹ́ rí? Ojú yóò sọ fún un pé ó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe mu ún, nítorí gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò tíì tán. Ara àwọn tí ó jẹ ẹ́ ni apá kan rẹ̀ wà. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: mímọ́ ojú omi kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára fún mímu.

ÀWỌN AGBÁLẸ̀ Ọ̀SÀ

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀sà, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n ńlá. Ní Makoko, àwọn Ẹ̀gùn apẹja kọ́ ilé wọn sórí òpó lórí omi, ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí sì ń bọ́ sínú omi lábẹ́ ilé. Ní Òkò Bàbá nítòsí, àwọn ilé apagi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún da ìyẹ̀fun igi sí etí ọ̀sà. Ní Iddó pẹ̀lú, fún ìgbà pípẹ́, ni a ti ń kó ìgbẹ́ ìlú lọ dà sínú omi. Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ àsè fún bakitéríà, níbi tí àsè bakitéríà bá sì wà, àwọn onírun wẹ́wẹ́ kì í pẹ́ dé.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lo iṣẹ́ wọn yìí fún àǹfààní. Ní ọdún 1914, Edward Ardern àti William Lockett ní Manchester ṣe àlàyé bí a ti lè fọ omi ìgbẹ́ mọ́ nípa fífẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, kí àwọn ẹ̀dá kéékèèké lè jẹ ìdọ̀tí rẹ̀. Ní ọdún 1968, Colin Curds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán iṣẹ́ náà wò lọ́nà méjì: wọ́n ṣe é láìsí onírun wẹ́wẹ́, wọ́n sì ṣe é pẹ̀lú wọn. Nígbà tí wọn kò sí níbẹ̀, omi tí ó jáde ṣú dùdù, ó sì kún fún bakitéríà. Nígbà tí a fi wọ́n sí i, omi náà mọ́, bakitéríà rẹ̀ sì dín kù púpọ̀.

Ṣùgbọ́n agbálẹ̀ pàápàá ní ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní láti mí, nínú omi ni wọ́n sì ti ń rí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀ jù, bakitéríà yóò lo afẹ́fẹ́ inú omi tán, omi yóò dúdú, yóò máa rùn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ìbá jẹ ẹ́ mọ́ yóò sì kú, ẹja pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó bá ń wí pé ọ̀sà tóbi, pé yóò gbé gbogbo nǹkan lọ, kò mọ iye ọwọ́ kékeré tí ń bá a ṣiṣẹ́, kò sì mọ̀ pé ó lè pa wọ́n.

Ọ̀RỌ̀ KÀNGA

Ẹ jẹ́ kí a padà sí inú ilé. Bí wọ́n bá sọ fún wa pé a rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ onírun wẹ́wẹ́ nínú omi kànga wa, kí ni ó yẹ kí a rò? Ẹlòmíràn lè wí pé, "Ó dára, agbálẹ̀ ni wọ́n." Ṣùgbọ́n níbi tí eṣinṣin bá ti pọ̀, ohun tí ń rà wà níbẹ̀. Ẹran tí ń jẹ bakitéríà kò lè pọ̀ níbi tí bakitéríà kò pọ̀. Nítorí náà, wíwà wọn lọ́pọ̀ jẹ́ ìkìlọ̀ pé ìdọ̀tí ń wọ inú kànga, bóyá láti inú ṣáláńgá tàbí kòtò ìgbẹ́ tí ó sún mọ́ ọn.

A kò sì lè fi iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ wọn ṣe ààbò. Wọn kì í jẹ bakitéríà tán. Bí oúnjẹ bá wọ́n, jíjẹ wọn a máa dín kù, èyí tí ó ṣẹ́kù a sì bọ́. Àwọn bakitéríà mìíràn tilẹ̀ wà tí ìkan inú àpò kò lè pa. Èyí tí a ń pè ní Legionella, tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jà, lè ti inú àpò oúnjẹ onírun wẹ́wẹ́ kan, Tetrahymena, jáde láàyè, ní dídì pọ̀ bí ẹrù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, àìsàn inú kọ lu ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Yaba. Àwọn ọmọ tí ó gba ìtọ́jú ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ó kéré tán méjì nínú wọn sì kú. Nígbà tí a yẹ omi ibẹ̀ wò, a rí bakitéríà nínú rẹ̀. Àwọn onírun wẹ́wẹ́ kò ní ọwọ́ nínú ibi yìí. Bakitéríà tí kò sí ẹni tí ó jẹ wọ́n tán ni. Ọ̀fọ̀ ńlá ni èyí, ó sì kọ́ gbogbo ilé pé kò yẹ kí a fi ojú wọn omi.

ÈYÍ TÍ Ń GBÉ INÚ ÌFUN

Nínú gbogbo ọ̀wọ́ onírun wẹ́wẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni a mọ̀ tí ń fi àrùn ṣe ènìyàn. Orúkọ rẹ̀ ni Balantidium coli. Pehr Henrik Malmsten, oníṣègùn ní Stockholm, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1857, lára àwọn aláìsàn méjì; ní ọdún 1861 ni Rudolf Leuckart rí i nínú ìfun ẹlẹ́dẹ̀, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ sì ni ilé rẹ̀ títí di òní. Níbẹ̀ ó ń jẹ bakitéríà àti ìyókù oúnjẹ, kì í sì í sábà pa ẹlẹ́dẹ̀ náà lára.

Nígbà tí ó bá ń jáde nínú ìgbẹ́, ó ń fi èèpo líle bo ara rẹ̀. Bí èèpo náà bá dé inú omi tàbí sórí ẹ̀fọ́, tí ènìyàn sì gbé e mì, yóò là nínú ìfun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ pé ó wà lára wọn. Ṣùgbọ́n lára àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí ara wọn kò le, a máa dá egbò sí ara ìfun, a sì máa gbé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ mì bí ó ti ń gbé bakitéríà mì. Ìgbẹ́ ọ̀rìn, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá jáde, ni yóò tẹ̀lé e. Àìsàn náà ní oògùn ní ilé ìwòsàn, nítorí náà kí ẹni tí ó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ má ṣe jókòó sílé. Kí a sì mọ̀ pé kílórìn tí a ń fi sínú omi kì í tètè wọ inú èèpo náà. Iná ni ó ń borí rẹ̀.

FÚN ÀWỌN TÍ Ń SIN EWÚRẸ́ ÀTI MÀLÚÙ

Bí ẹyọ kan ti jẹ́ ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ fún ẹran ọ̀sìn. Gruby àti Delafond ní ilẹ̀ Faransé ni ó rí wọn ní ọdún 1843 nínú ṣàkì àwọn ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìkán omi kan láti inú ṣàkì fi lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ọmọ ewúrẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò ní wọn. Inú itọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ti ń gbà wọ́n.

Wọ́n ń gbé bakitéríà, èérún koríko àti ìyẹ̀fun inú àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ mì, wọ́n sì ń dà á díẹ̀díẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí ìyẹ̀fun náà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣàdédé da èèpo ẹ̀gẹ́ tàbí ọkà púpọ̀ síwájú ẹran tí koríko ni ó ń jẹ tẹ́lẹ̀, ìkan inú ṣàkì yóò ga ju ohun tí wọ́n lè faradà lọ, wọn yóò kú, inú ẹran náà lè wú, ó sì lè kú pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ẹni tí ń sin ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Yaba tàbí ní oko máa yí oúnjẹ ẹran padà díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ó má sì ṣe yọ koríko kúrò pátápátá.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

1. Kí a se omi mímu títí yóò fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí a sì jẹ́ kí ó tutù nínú ohun tí a dé.

2. Kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé álọ́ọ̀mù nìkan. Ó ń mú ìdọ̀tí rọlẹ̀, ó sì ń mú omi mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kòkòrò ni ó ń pa.

3. Kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tó 30 mítà, kí a mọ etí rẹ̀ ga, kí a dé e, kí ó sì jẹ́ garawa kan ṣoṣo ni a ó máa fi fà á, tí a kò ní gbé sí ilẹ̀.

4. Kí a sé ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ inú ọgbà, jìnnà sí kànga àti oko ẹ̀fọ́. Kí ẹni tí ó bá tọ́jú wọn fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó jẹun.

5. Kí a fọ ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ ní tútù pẹ̀lú omi tí a ti sè.

6. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọdé, kí a po ṣúgà ṣíbí kékeré 6 tí a gé lórí àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré mọ́ lítà kan omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, kí a máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Onírun wẹ́wẹ́ kì í jẹun nítorí tiwa. Ebi ni ó ń pa á, ó sì ń jẹ ohun tí ó bá dé ẹnu rẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe wá lóore, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń tọ̀ yẹ fún wa láti kíyè sí: kì í gba ohun tí ó gbé mì gbọ́ títí yóò fi pa á, lẹ́yìn náà ni ó tó jẹ́ kí ó di ara rẹ̀. Kò ní iná tí ó lè fi se omi rẹ̀, nítorí náà inú ikùn ni ó ti ń ṣe é. Àwa ní iná, a ní ìkòkò, a sì ní ọmọdé nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí a pa ohun tí ó wà nínú omi kí ó tó kan ẹnu wa.